Ẹ wọn gọ́tà kí ẹ tó fọwọ́ sí owó tó kù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín kí n bá àwọn kánsẹ́lọ̀ tí a dìbò yàn ní agbègbè Ìkòròdú ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2025 sọ̀rọ̀, kí àwọn ará àdúgbò tó rán wọn níṣẹ́ náà sì gbọ́ ọ.

Bí aṣòfin bá dúró kí káńsù parí iṣẹ́, kí wọ́n san owó tán, kí ó tó lọ wo ibẹ̀, kò sí ohun tí àbẹ̀wò rẹ̀ lè tún ṣe mọ́. Ìgbà tí agbaṣẹ́ṣe ṣì ń retí owó ni ó yẹ kí kánsẹ́lọ̀ dé ibi iṣẹ́, kí ìwé àdéhùn wà lọ́wọ́ kan, kí téèpù wà lọ́wọ́ kejì. Fọ́tò tí wọ́n bá yà níwájú iṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà kò lè sọ iye sìmẹ́ǹtì tó wà nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Kánsẹ́lọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n sọ fún òun pé iṣẹ́ yìí ju agbára òun lọ. Òun ni aṣòfin ní ìjọba ìbílẹ̀; òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń fọwọ́ sí ìṣúná kí alága tó ná an. Lókè wọn ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Èkó wà. Abala 128 nínú òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fún ilé náà lágbára láti ṣèwádìí bí wọ́n ṣe ń ná owó ìlú, kí wọ́n sì tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́ àti ìnákúnàá. Abala 129 fún wọn lágbára láti pe ẹni tó bá yẹ kó wá jẹ́rìí, kí ó sì kó ìwé dání. Ìpínlẹ̀ tún ní Ọ̀gá Àgbà Olùyẹ̀wé-owó-wò tó jẹ́ ti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ nìkan. Àmọ́ aṣòfin 40 péré ló wà nílé náà, káńsù tó wà l'Ékòó sì jẹ́ 57. Ìròyìn olùyẹ̀wé-owó náà, ẹ̀yìn tí ọdún ìṣúná bá ti parí ló máa ń jáde. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tí yóò wà lẹ́yìn ọjà Sábó ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń da kọnkéré. Kánsẹ́lọ̀ tó ń gbé wọ́ọ̀dù náà ló lè wà níbẹ̀.

Ibi owó tó wọlé ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Nínú owó àpapọ̀ tí wọ́n ń pín l'Ábújá lóṣooṣù, ìpín 52.68 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, 26.72 jẹ́ ti ìpínlẹ̀, 20.60 sì jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ tún ní ìpín 35 nínú ọgọ́rùn-ún owó VAT, ìyẹn owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ọjà tí a bá rà. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ni ìwé Ábújá mọ̀ l'Ékòó, nítorí náà ìlà kan ṣoṣo ni Ìkòròdú ní níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2003 tí ìpínlẹ̀ ti dá káńsù ìdàgbàsókè 37 sílẹ̀, káńsù mẹ́fà ló ń jẹ nínú ìlà kan yẹn: Ìkòròdú fúnra rẹ̀, Ìkòròdú North, Ìkòròdú West, Ìgbógbò-Báyékù, Ìjẹ̀dẹ́ àti Ìmọ̀tà. Inú àpò àjọni ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ tí abala 162 dá sílẹ̀ ni owó náà ń gbà kọjá. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé kí ó máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, àmọ́ ìmúṣẹ ìdájọ́ náà ń falẹ̀.

Nítorí èyí, iye mẹ́ta ni kánsẹ́lọ̀ Ìjẹ̀dẹ́ tàbí ti Ìmọ̀tà gbọ́dọ̀ máa béèrè lọ́wọ́ akápò lóṣooṣù: iye tí Ábújá kọ síwájú orúkọ Ìkòròdú, iye tí wọ́n yọ kí owó tó sọ̀kalẹ̀, nítorí owó oṣù olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti owó ìfẹ̀yìntì máa ń wà nínú rẹ̀, àti iye tó wọ àpò káńsù ní báńkì gan-an. Kí ó má gba èyí tí wọ́n fi kálámù kọ sórí pépà, ìwé báńkì ni kí ó ní kí wọ́n mú wá. Aṣòfin tí kò mọ iye tó wọlé kò ní èsì kankan fún alága tó bá sọ pé kò sówó.

Ní ti owó tí káńsù ń pa fúnra rẹ̀ láti ọjà, ibùdókọ̀ àti ilé ìpẹran, rìsíìtì ni ẹ̀rí. Gbogbo búkù rìsíìtì ló ní nọ́ńbà tó tẹ̀ léra. Ẹ wo ìwé tí wọ́n kọ orúkọ agbowó tó gba búkù kọ̀ọ̀kan sí, ẹ wo ẹ̀dà rìsíìtì tó kù nínú búkù náà, kí ẹ sì fi wọ́n wé ìwé ìsanwó sí báńkì. Búkù tó jáde tí kò padà wá, ibẹ̀ ni owó ti ń jò. Ó tún ń jò níbi tí agbowó alágbàṣe bá ti ń yọ ìpín tirẹ̀ lọ́jà, kí ó tó gbé ìyókù lọ sí báńkì. Kí gbogbo owó wọlé tán ná, kí ẹnikẹ́ni tó gba ìpín rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òpópónà àdúgbò àti gọ́tà ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù, nítorí ibẹ̀ ni owó ńlá ń lọ, ibẹ̀ náà ni ìyà ti ń jẹ aráàlú bí òjò bá dé. Gbogbo iṣẹ́ tí káńsù bá gbé jáde ló ní ìwé tó ń sọ ohun tí agbaṣẹ́ṣe yóò ṣe, bí yóò ṣe gùn tó, bí yóò ṣe nípọn tó, àti iye owó ìkọ̀ọ̀kan. BOQ ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè é. Kánsẹ́lọ̀ tí kò bá ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́, kí ó má tíì jáde nílé.

Ẹ jẹ́ ká mú òpópónà kan tó gùn ní mítà 300, tó fẹ̀ ní mítà 6, tí wọ́n fẹ́ fi íńtálọ́ọ̀kì, ìyẹn bíríkì kọnkéré tí wọ́n ń tò mọ́ra wọn, ṣe. Ojú ilẹ̀ ibẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ sìkúwíà mítà 1,800. Bí ìwé bá ní kí íńtálọ́ọ̀kì nípọn ní mìlímítà 80, èyí tó yẹ ibi tí ọkọ̀ ń gbà, kọnkéré tí yóò wọ̀ ọ́ jẹ́ kúbíìkì mítà 144. Bí agbaṣẹ́ṣe bá wá lo ti mìlímítà 60 tí wọ́n ń tẹ́ sí ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti inú ọgbà ilé, kúbíìkì mítà 108 ni. Kúbíìkì mítà 36 ti di àwátì nìyẹn, ìdámẹ́rin gbogbo kọnkéré tí ìlú sanwó fún. Ẹni tó bá dúró lókè kò lè mọ̀, nítorí àwọ̀ kan náà ni wọ́n ní, ìrísí kan náà. Ẹ ní kí wọ́n hú ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní ibi mẹ́rin tí ẹ̀yin fúnra yín bá tọ́ka sí, kí ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ẹ wọn iyanrìn abẹ́ rẹ̀ náà. Láàrin mìlímítà 30 sí 50 ló sábà máa ń jẹ́.

Abẹ́ iyanrìn ni ilẹ̀ pupa wà, láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Ó yẹ kí wọ́n máa tẹ́ ẹ ní ìpele ìpele, mìlímítà 150 tàbí díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, kí rólà tẹ̀ ẹ́ dáadáa kí wọ́n tó da òmíràn lé e. Bí wọ́n bá da mìlímítà 300 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, òkè rẹ̀ nìkan ni yóò le, ìsàlẹ̀ yóò rọ̀. Ọjọ́ tí típà oníyanrìn bá gba ibẹ̀ kọjá nígbà òjò ni ọ̀nà náà yóò rì. Ibi tí wọn kò bá sì fi kọnkéré di etí ọ̀nà, íńtálọ́ọ̀kì yóò máa yà síra díẹ̀díẹ̀, omi yóò wọ àárín rẹ̀, yóò sì máa kó iyanrìn abẹ́ rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ìgbà kan ṣoṣo kò fi tó. Kí kánsẹ́lọ̀ dé ibẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ pupa ṣì wà níta, kí ó dé ibẹ̀ nígbà tí wọ́n ń to íńtálọ́ọ̀kì, kí ó sì tún padà lọ lọ́jọ́ òjò.

Ní ti gọ́tà, ẹ wọn jíjìn rẹ̀ àti bí ògiri rẹ̀ ṣe nípọn tó, àmọ́ ìdagẹ̀rẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Ó yẹ kí ó fi sẹ̀ǹtímítà kan lọ sílẹ̀ ní mítà méjì méjì, ó kéré tán. Rọ́bà gbọọrọ tí a ń rí omi inú rẹ̀, tí àwọn bíríkìlà fi ń wo lẹ́fẹ́ẹ̀lì, tó láti fi yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ ọjọ́ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀lé gọ́tà náà títí dé ibi tó parí sí. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni gọ́tà tó gùn rọ̀gbọ̀dọ̀, tó wá dópin síwájú ilé onílé nítorí pé ibẹ̀ ni ààlà káńsù. Kò sí omi òjò tó mọ̀ pé òun ti kúrò ní Ìkòròdú North bọ́ sí Ìkòròdú. Kí kánsẹ́lọ̀ ìhà méjèèjì jókòó pọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ìwé àwòrán sì fi ojú odò tàbí kánààlì tí omi yóò já sí hàn.

Nínú owó agbaṣẹ́ṣe, apá kan wà tí ìjọba ń dá dúró títí wọn yóò fi rí i pé iṣẹ́ náà kò ní àbùkù. Ó sábà máa ń jẹ́ ìpín 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì lè wà nílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan, bí àdéhùn bá ṣe wí. Owó yìí ni agbára tó kù lọ́wọ́ ìlú. Kí àwọn kánsẹ́lọ̀ fi sínú ìpinnu ilé wọn pé akápò kò gbọdọ̀ san án láìjẹ́ pé kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù àti ẹnjiníà káńsù ti jọ lọ síbẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá, kí wọ́n sì ti kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n bá parí ní oṣù Kejìlá, kí owó yẹn dúró di oṣù Keje.

Nínú ọ́fíìsì, nǹkan méjì ni kí wọ́n ṣọ́. Èkíní ni iṣẹ́ kan tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́ kí owó ìkọ̀ọ̀kan lè wà lábẹ́ iye tí alága lè fọwọ́ sí fúnra rẹ̀: ẹ to àwọn fáúṣà, ìyẹn ìwé àṣẹ ìsanwó, oṣù náà síra, kí ẹ wo orúkọ agbaṣẹ́ṣe àti ọjọ́ tó wà lórí wọn. Èkejì ni owó tí wọ́n ń gbé láti ìlà kan sí òmíràn nínú ìṣúná bí ọdún bá ń parí lọ. Owó ilé ìwòsàn alábọ́dé lè di owó àlejò báyìí, bí ilé kò bá ní kí wọ́n mú u wá síwájú òun kọ́kọ́.

Kí àwa aráàlú náà mọ ẹni tí à ń bi léèrè. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣàgámù, ìpínlẹ̀ ló ni ilé iṣẹ́ ìrẹsì Ìmọ̀tà. Ọjà, ibùdókọ̀, gọ́tà àti òpópónà àdúgbò ni ti káńsù. Ẹni tí wọ́n bá sì kọ̀ láti fi ìwé hàn, ìbáà ṣe kánsẹ́lọ̀ tàbí aráàlú, lè kọ̀wé lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti dáhùn, kò sì pọn dandan kí ẹni tó béèrè sọ ìdí tó fi béèrè. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ọ́ kedere pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù tí mo ní sí ẹ̀yin olóòtú fúnra yín. Ẹ máa tẹ iye tí Ábújá bá kọ síwájú Ìkòròdú jáde lóṣooṣù, kí ẹ kọ orúkọ káńsù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú iye tí káńsù kọ̀ọ̀kan bá sọ pé òun gbà. Èyí tí kò bá dá yín lóhùn, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ náà, kí ẹ sì fi iwájú rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Ìgbógbò, Ìkòròdú