Fóòmù tó wà ní pálọ̀

Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Láti Àkóbọ̀ sí Òkè-Àdó, ṣé ibi tó jìnnà ni? Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí mo ti fojú kàn ọ́. Bí mo bá pè, wàá ní o wà lẹ́nu iṣẹ́. A ti tún òrùlé ṣe, òjò ò wọlé mọ́. Orúnkún mi náà ti ń fúyẹ́.

Nígbà tí àbúrò rẹ ti ọ̀dọ̀ yín dé, ó ní fóòmù kan wà lẹ́yìn àga ní pálọ̀, ìrọ̀rí ọkọ rẹ sì wà lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti rí oorun sùn dáadáa. Ṣé pálọ̀ ló ń sùn ni?

Ẹnu ọkọ rẹ ni mo ti gbọ́ pé wọ́n sọ nílé ìwòsàn UCH pé àìsàn endometriosis ló ń ṣe ọ́. Ṣé ẹnu àna ló yẹ kí ìyá ẹni ti gbọ́ irú èyí? Mo kọ orúkọ náà sílẹ̀, mo gbé e tọ nọ́ọ̀sì kan lọ nínú ìjọ wa. Ó yà á fún mi sẹ́yìn ìwé ètò ìsìn. Ó ní ohun tó jọ awọ inú ilé ọmọ ló lọ ń hù níta ilé ọmọ. Bí nǹkan oṣù bá dé, òun náà á máa ṣẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà ò sì rí ọ̀nà jáde. Ibẹ̀ á wú, á di àpá, àpá á wá lẹ nǹkan inú ikùn mọ́ra. Nínú obìnrin 10 tó wà lọ́jọ́ orí ọmọ bíbí, ó ń tó 1 tó ní in. Òun náà ló ń mú kó máa dun obìnrin nínú lọ́hùn-ún bí ọkọ bá sún mọ́ ọn. Mo sunkún délé lọ́jọ́ yẹn.

Mo rántí ìgbà tí o jẹ́ ọmọ ọdún 14. O dùbúlẹ̀ lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, o di igo omi gbígbóná mọ́ abẹ́ ìdodo, o ki etí ìró mi bọ ẹnu kí n má baà gbọ́ igbe rẹ. Mo ní kí o dìde, pé bí gbogbo obìnrin ṣe ń rí i nìyẹn, tí o bá bímọ á lọ. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni mo lọ rà. Èmi ni mo kọ́ ọ láti máa pa ìrora mọ́ra. Dárí jì mí.

Ṣùgbọ́n ta ló ní kí o fi pamọ́ fún ọkọ rẹ? Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ń le koko lálẹ́, tí kò mọ̀dí rẹ̀, á ní òun ni wọn ò fẹ́. Fi ọwọ́ rẹ̀ sí ibi tó ń dùn ọ́. Bó bá jẹ́ ìwọ lo wà lókè, ìwọ lo máa mọ bí yóò ṣe jìn tó. Mo mọ̀ pé ojú á tì ọ́ láti ka èyí látọ̀dọ̀ mi, kà á bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí ara bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ kàn dì mọ́ra. Àmọ́ kó má sun pálọ̀.

Ọdún 6 ni èmi àti bàbá rẹ fi wá àbúrò rẹ. A ń ka ọjọ́. Bí ọjọ́ bá pé, a ó wọ yàrá bí ẹni tó ń lọ san owó orí. Bí nǹkan oṣù bá tún dé, mi ò ní lè wo ojú rẹ̀. Èmi ni mo ní kó máa sùn ní pálọ̀, mo ní kí n sinmi díẹ̀. Àbúrò rẹ dé, bàbá rẹ ò padà wọ yàrá mọ́. Títí ọlọ́jọ́ fi dé, bí ayálégbé la ṣe ń kíra. Àjíkẹ́, mi ò rántí mọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń gbóná lẹ́yìn mi.

Nọ́ọ̀sì ní ọ̀pọ̀ tó ní in ló ń bímọ. Kí ọkọ rẹ náà lọ yẹ àtọ̀ rẹ̀ wò, kí ẹ jọ máa lọ rí dókítà. Bí ìyá ọkọ rẹ bá ń béèrè ọmọ, ní kí wọ́n wá bá mi.

Mi ò ní bi àbúrò rẹ nípa fóòmù yẹn mọ́. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o pè mí, kí o sọ pé o ti ká a kúrò nílẹ̀.

Ìyá rẹ