Risíìtì tó o fi ránṣẹ́

Ìyá Ìbejì mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Àwọn ọmọ ńkọ́, bàbá wọn ńkọ́? Àwa náà wà ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, a dúpẹ́, àfi ọjà tó ń gbówó lórí lójoojúmọ́.

Mo rí fọ́tò risíìtì tó o fi ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Inú mi dùn gan-an pé kúpọ́ọ̀nù, ìyẹn bébà tàbí àmì orí fóònù tí wọ́n fi ń dín owó ọjà kù, bá ẹ yọ dọ́là 18 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, torí mo mọ iṣẹ́ alẹ́ tó ò ń ṣe kí owó yẹn tó wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ni wá, jẹ́ kí n sọ tinú mi: ìgò ọṣẹ ìfọṣọ mẹ́fà, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Mo mọ̀ pé ìbejì ń dọ̀tí aṣọ o, àmọ́ dọ́là 12 ni ìgò kan, kúpọ́ọ̀nù gé 3, ó ku 9, bẹ́ẹ̀ ìwọ náà lo sọ fún mi pé èyí tó ń jẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù yẹn fúnra ẹ̀, ìgò kan náà, dọ́là 7 ni, ó sì ń fọ aṣọ mọ́ dáadáa.

Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọjà ló ń san owó tí kúpọ́ọ̀nù wọn gé padà fún ṣọ́ọ̀bù. Wọn ò fi ta wá lọ́rẹ, wọ́n fẹ́ kí ọwọ́ wa mọ́ ọjà wọn ni. Atlanta tó o wà ní Amẹ́ríkà yẹn gan-an ni oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Asa Candler ti pín tíkẹ́ẹ̀tì Coca-Cola kiri ní ìparí àwọn ọdún 1880, gíláàsì kan lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tó jẹ́ pé sẹ́ǹtì 5 ni wọ́n ń tà á. Ẹni tó bá mu ti ọ̀fẹ́ tán, tó bá dùn mọ́ ọn, á fowó ẹ̀ ra òmíì.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí. Súpámákẹ́ẹ̀tì kan níbí fún mi ní bébà pé tí mo bá tún ra ọjà 20,000 náírà wọ́n á yọ 2,000, ohun tí mo nílò ò ju 13,000 lọ, ni mo bá ń kó bisikíìtì, mò ń kó jáàmù tẹ́nì kankan ò jẹ nílé mi, mo dé ọ̀dọ̀ kàṣíà, ó ní bébà náà ti kú láti àná. Ọjọ́ wà lẹ́yìn ẹ̀ lóòótọ́, ó kéré bí ẹyin iná. Ojú tì mí láti dá ọjà padà, mo san gbogbo ẹ̀. Ó dùn mí wọnú eegun.

Látìgbà yẹn mi ò jáde láìkọ ohun tí mo fẹ́ rà sílẹ̀. Ìrẹsì, àwa mẹ́rin là ń dáwó ra àpò kan, a ó sì fi kóńgò pín in. Gàrí, ọ̀dọ̀ oníbàárà mi ní Òkè-Ajé ni, tó bá wọ̀n ọ́n tán á bu èènì lé e.

Má pa kúpọ́ọ̀nù tì o. Kọ ohun tẹ́ ẹ nílò kó o tó ṣí fóònù, èyí tó bá bá a mu ni kó o mú. Tí ṣọ́ọ̀bù yín bá gbà kéèyàn lo kúpọ́ọ̀nù ilé iṣẹ́ tó ṣe ọjà àti ti ṣọ́ọ̀bù fúnra ẹ̀ pọ̀, páńpásì ni kó o fi rà, ìyẹn ò ṣeé má rà.

Kóńgò gàrí mẹ́fà ti wà nílẹ̀ fún ẹ, mò ń wá ẹni tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún. Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ.

Èmi ọ̀rẹ́ ẹ, Ìjẹ̀bú-Òde