Nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ nìkan ò tó

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́. Àwọn tó ní òbí tàbí ẹ̀gbọ́n tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń bá ọkàn tu ẹ̀jẹ̀ sí láyà lókè òkun la fẹ́ bá sọ̀rọ̀, nítorí gbólóhùn kan tí wọ́n fi ń tu ara wọn nínú bí wọ́n bá rí iye ẹ̀jẹ̀ tí ojú ẹ̀rọ kọ fún ìṣẹ́jú kan: "Lítà 5 ló kọ, wàhálà ò sí."

Kò rí bẹ́ẹ̀ o. HeartMate II àti HeartMate 3, oríṣi méjì nínú ẹ̀rọ yìí, kì í wọn ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá. Ṣíṣírò ni wọ́n ń ṣírò ẹ̀, látara iná tí ẹ̀rọ ń jẹ àti iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì sínú HeartMate II, á máa jẹ iná sí i. Nọ́ńbà á ga, ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá á sì dín kù. Skáànù ọkàn ló ń tú àṣírí ẹ̀.

Kí oníṣẹ́ skáànù kọ́kọ́ kọ iye yíyí yẹn àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sójú àwòrán. Àìkọ ọ́ ni àṣìṣe tó ń dùn wá jù, torí èyí tí wọ́n bá yà lóṣù tó ń bọ̀ ò ní rí nǹkan fi wéra. Ẹ̀rọ a máa ta òjìji bo ṣóńṣó ọkàn, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ egungun àyà la ti ń wọn yàrá ìsàlẹ̀ apá òsì. Bó bá fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, tí ògiri àárín tẹ̀ sọ́tùn-ún, tí fáàfù àọ́tà (ilẹ̀kùn tó wà láàárín ọkàn àti òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú ẹ̀ jáde) tí kì í ṣí tẹ́lẹ̀ wá ń ṣí ní gbogbo ìgbà tí ọkàn bá lù, ẹ̀rọ ò gbẹ́rù mọ́ nìyẹn.

Bí yàrá òsì bá sún kì ńkọ́? Ẹ wo yàrá ọ̀tún kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Bí ọ̀tún bá wú, òun ló rẹ̀. Bí òun náà bá kéré, omi tàbí ẹ̀jẹ̀ ló dín lára: bóyá ìgbẹ́ gbuuru, bóyá ìfun ló ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá fi kún yíyí ẹ̀rọ nírú àsìkò yẹn, ògiri ọkàn ni ẹ̀rọ máa fà mọ́nu.

Láti dán HeartMate II wò, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ láti yíyí 8,000 ní ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n máa fi 400 kún un títí dé 12,000, kí wọ́n sì máa wọn yàrá òsì ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sún kì rárá, ẹ fura sí ẹ̀jẹ̀ dídì. Ẹ má dán an wò bí skáànù bá ti rí ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ọkàn.

Ti HeartMate 3 yàtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ kì í sábà dì sínú ẹ̀. Ọ̀pá aláṣọ tó ń gbẹ́jẹ̀ lọ sí àọ́tà ló lè lọ́, tàbí kí nǹkan fún un láti ìta. Nọ́ńbà á lọ sílẹ̀. Bí eré ẹ̀jẹ̀ nínú ọ̀pá náà bá ju mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá, ẹ wádìí ẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá gba èsì skáànù, ẹ wò ó bóyá iye yíyí wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ dá a padà fún wọn kí wọ́n kọ ọ́.

Àwa oníṣẹ́ skáànù ọkàn