Ẹ má fá ilẹ̀kùn yín nígbà òjò

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Okun o. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kí ara wa níhìn-ín ní Ìsánlú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi yí i padà.

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí àwọn iṣẹ́ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ téèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nínú ilé láì ránṣẹ́ pe káfíńtà. Ohun tí òǹkọ̀wé yín sọ nípa àga tó ń mì tọ̀nà. Ti ọ̀dà ara ògiri náà kò burú. Ṣùgbọ́n ibi tó ti ní bí ilẹ̀kùn bá ń há nígbà òjò, ká gbé ìfági ká fá a títí yóò fi máa pa dé wẹ́rẹ́, ibẹ̀ ni mo ti yọ gíláàsì ojú mi. Èmi ti fá irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ rí.

Ilẹ̀kùn ilé ìdáná wa ni. Baálé mi, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, ló kọ́ ilé náà lọ́dún 1991, ọdún tí wọ́n yọ wá kúrò lára Kwara wá sí Kogi. Pákó mẹ́rin ni wọ́n tò pọ̀ ṣe ilẹ̀kùn ọ̀hún. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti lé, yóò há. Baálé mi á fi èjìká tì í, á wọlé, kò ní sọ nǹkan kan. Mo rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é.

Lẹ́yìn tó ti lọ tán, tí èmi náà sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo fa ìfági rẹ̀ yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Oṣù kẹsàn-án ni, òjò ń rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́. Mo fá ilẹ̀kùn náà láàárọ̀, mo fá a lọ́sàn-án. Ẹ̀fá igi yẹn kò gbẹ, ṣe ló ń rọ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó yẹ kí ìyẹn ti là mí lójú. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn pa dé láìhá, inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó ọmọ mi kó wá wò ó.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, àlàfo tó wà létí ilẹ̀kùn náà gba ọmọ ìka mi kékeré. Eruku bo abọ́. Alángbá kan sọ ibẹ̀ di ojú ọ̀nà, a wọlé láàárọ̀, a jáde lálẹ́, bí ẹni tó sanwó ilé. Àkísà ni mo fi ń dí i títí mo fi ránṣẹ́ sí káfíńtà àdúgbò, ọmọ tí mo kọ́ ní kíláàsì kẹrin.

Ó wo ilẹ̀kùn, ó wò mí. Ó ní, "Tíṣà, igi olóyún lẹ fá. Omi ló wà níkùn rẹ̀ lóṣù kẹsàn-án. Ó ti bímọ báyìí, ẹ sì ti gé lára rẹ̀."

Ó wá ṣàlàyé fún mi pé igi kì í fi bẹ́ẹ̀ wú ní gígùn, ní ìbú ló ti ń wú, tó tún ń sún kì bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀kùn fi máa ń há ní ẹ̀gbẹ́ ju òkè lọ.

Kí ló wá yẹ kéèyàn ṣe? Ẹ kọ́kọ́ wo hínjì. Bí síkúrù rẹ̀ bá ti tú, ilẹ̀kùn á rẹlẹ̀, á máa fara ha férémù, kì í ṣe òjò ló fà á. Bí ihò síkúrù bá ti fẹ̀ jù, ẹ ki igi ìṣáná méjì mẹ́ta tí ẹ ti fi gọ́ọ̀mù pa bọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó dè é padà. Bí hínjì bá dúró dáadáa, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì pa etí férémù (èmi kì í wá ṣọ́ọ̀kì tì nínú ilé mi), ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ ṣí i. Ibi tí funfun bá lẹ̀ mọ́ lára ilẹ̀kùn ló ń há. Ẹ fi àbẹ́là tàbí ọṣẹ gbígbẹ ra ibẹ̀, á yọ̀, kẹ́ ẹ sì fi bẹ́ẹ̀ rọ́jú títí òjò yóò fi lọ.

Inú ọyẹ́, nígbà tí igi bá ti gbẹ, ni kẹ́ ẹ kun ún lọ́dà. Kì í ṣe iwájú àti ẹ̀yìn nìkan o! Ẹ gbé àga, ẹ gùn ún, ẹ fi ọwọ́ pa orí ilẹ̀kùn yín lókè pátápátá. Bó bá ń ha yín lọ́wọ́, ọ̀dà ò kàn án rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wá. Ojú ibẹ̀ àti ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti fi ayùn gé pákó gan-an ni igi ti ń mu omi jù, ibẹ̀ náà sì ni àwọn káfíńtà máa ń fò.

Ní tèmi, igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ọmọ náà kàn mọ́ etí ilẹ̀kùn láti dí ibi tí mo fá. Ọ̀dà ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fi kùn ún, ó ṣì ń hàn.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìsánlú, Ìpínlẹ̀ Kogi.