Kọ́kọ́ wọn yàrá òfìfo

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní ìlà kan ń lọ sókè sódò lójú kọ̀ǹpútà, o sì gbà pé ọpọlọ ẹni tó jókòó sídìí sẹ́ńsọ̀, ẹ̀rọ tí ń wọn agbára òòfà, ló fà á. Má tíì sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ.

Agbára òòfà ilẹ̀ ayé wà láàárín 25,000 sí 65,000 nanotesla, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára òòfà. Ti ọpọlọ ńkọ́? Femtotesla ọgọ́rùn-ún mélòó kan péré, bẹ́ẹ̀ mílíọ̀nù kan femtotesla ló wà nínú nanotesla ẹyọ kan. Átọ́ọ̀mù kò sì mọ èyí tí ìwọ ń wá. Lésà á to átọ́ọ̀mù rubidium inú ìgò kékeré tó wà nínú sẹ́ńsọ̀ rẹ kí gbogbo wọn lè kọjú síbì kan náà. Agbára òòfà yòówù tó bá kàn wọ́n á yí wọn, ìmọ́lẹ̀ tó gba àárín wọn kọjá á sì ròyìn rẹ̀. Ajá tí ń gbó onílé, tí ń gbó àlejò ni. Lífíìtì, àga onírin, wáyà iná, kò sí èyí tí kì í gbó.

Irú sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n fún ọ, tí à ń pè ní SERF, kì í tilẹ̀ ṣiṣẹ́ bí agbára òòfà àyíká rẹ̀ kò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo. Átọ́ọ̀mù a máa kọlu ara wọn, ìkọlù náà a sì máa da ìtò wọn rú. Ṣùgbọ́n bí a bá mú ìgò náà gbóná dé nǹkan bí 150°C, tí wọ́n pọ̀ tí wọ́n ń kọlura kíákíá nítòsí òdo, ìdàrúdàpọ̀ yẹn á pòórá! Mi ò tíì rí ohun tó yà mí lẹ́nu tó o nínú iṣẹ́ yìí. Òun ni wọ́n fi kọjá ìsàlẹ̀ femtotesla kan ní Princeton ní 2003, láìsí helium olómi, èyí tó tutù gan-an, tí SQUID, irú ẹ̀rọ ìwọn-òòfà mìíràn, ń mu.

Nítorí náà, ti ilẹ̀kùn yàrá mu-metal, irin tí ń dínà agbára òòfà, má fi ẹnikẹ́ni jókòó, kí o sì gba àkọsílẹ̀ tó gùn tó ti ènìyàn. Ohun tó bá wà ní 50 tàbí 60 Hz (iye ìgbà tí ìgbì ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ti iná mànàmáná ni. Lẹ́yìn náà, gba kọ́kọ́rọ́ àti bẹ́líìtì lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wọlé. Bó bá jẹ́ obìnrin, bi í nípa kọ́mú oníwáyà. Má tijú, èémí tó ń mí á máa mì ín.

Gbé sẹ́ńsọ̀ sí ìpàkọ́ rẹ̀. Ní kó dijú, kó tún lajú, lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ìgbì tó wà láàárín 8 sí 13 Hz bá ń ga nígbà tó dijú, tó ń lọ sílẹ̀ nígbà tó lajú, a jẹ́ pé ọpọlọ ni. Fi àkọsílẹ̀ méjèèjì ránṣẹ́ sí mi, ti òfìfo ṣáájú.

Ìyá rẹ