Ẹ kọ ìdánwò fún Linux kí Yorùbá má bàa bàjẹ́ lórí rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) tẹ Yorùbá láti Ìjùmú dé Yàgbà. Ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń rò: lánàá gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa, wọ́n ṣe update, àmì ohùn sì fò kúrò lórí lẹ́tà.

Kóòdù Linux wà ní gbangba. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fọwọ́ kàn án káàkiri ayé, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì tẹ Yorùbá rí láyé wọn. Wọn ò lè mọ̀ pé àwọn ba Yorùbá jẹ́ àfi tí kọ̀ǹpútà bá sọ fún wọn. Iṣẹ́ ìdánwò aládàáṣe nìyẹn: ó ń ṣe ara rẹ̀ nígbàkigbà tí kóòdù bá yí padà.

Ẹ wo Debian, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux. Fáìlì méjì péré ni ẹ máa fi sínú fódà debian/tests: control, tó ń sọ orúkọ ìdánwò àti àwọn package (àkópọ̀ ètò tí a ń fi sórí kọ̀ǹpútà) tó nílò, àti script (àkọsílẹ̀ àṣẹ) ìdánwò náà gan-an. Bí script bá parí pẹ̀lú 0, ó yege. Àmọ́ bó bá kọ ohunkóhun sí stderr (ibi tí ètò ń kọ àṣìṣe sí), bó tilẹ̀ jẹ́ ìkìlọ̀ lásán, ìkùnà ni wọ́n máa kà á sí, àyàfi tí ẹ bá kọ allow-stderr sí ìlà Restrictions nínú control. Bí ẹ̀dà tuntun bá mú kí ìdánwò tó ń yege tẹ́lẹ̀ kùnà, wọ́n á dá ẹ̀dà náà dúró, kò ní bọ́ láti unstable (apá tí ẹ̀dà tuntun kọ́kọ́ ń wọ̀) sí testing (apá tí wọ́n fi ń múra ìtẹ̀jáde sílẹ̀). Bí ohun tí package náà gbára lé bá sì yí padà, wọ́n á tún ìdánwò náà ṣe. Kò sí ẹjọ́ tí a lè rò tó lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Orí lẹ́tà ẹ́ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, kò fún lẹ́tà yìí ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Bó ṣe wọ́pọ̀ jù ni U+1EB9 (ẹ) tí U+0301 (àmì ohùn òkè) tẹ̀lé, báìtì 5 nínú UTF-8, ọ̀nà tí a ń gbà kọ àwọn nọ́ńbà yìí sínú fáìlì. Ẹlòmíràn á tẹ U+00E9 (é), á fi U+0323 (àmì ìsàlẹ̀) sí i, báìtì 4. Ojú ò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀, kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n. Ẹ fi irú kìíní sọ fáìlì lórúkọ, kí ẹ fi irú kejì wá a. Lórí ext4, ọ̀nà tí Linux ń gbà to fáìlì sórí dísìkì, orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, nítorí náà ètò tó ń wá fáìlì ló gbọ́dọ̀ sọ méjèèjì di NFC (ìrísí kan náà tí Unicode là sílẹ̀) kó tó fi wọ́n wéra. Ẹ má tẹ lẹ́tà náà tààrà sínú script, torí editor (ètò tí ẹ fi ń kọ ọ́) lè yí i padà láìsọ fún yín. Ẹ kọ printf '\341\272\271\314\201'. Báìtì 5 ti irú kìíní ni wọ̀nyẹn, ní nọ́ńbà octal (onípìlẹ̀ mẹ́jọ). Dash, ètò tó ń ka script tó jẹ́ /bin/sh lórí Debian, kò gbọ́ \x, tí àwọn mìíràn fi ń kọ nọ́ńbà onípìlẹ̀ mẹ́rìndínlógún.

Fọ́ǹtì àti kíbọ́ọ̀dù ń fẹ́ ohun tó ń wo ojú kọ̀ǹpútà. openQA, tí openSUSE àti Fedora ń lò, máa ń gbé kọ̀ǹpútà dìde nínú QEMU (ètò tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà mìíràn), á tẹ bọ́tìnnì bí èèyàn, á ya àwòrán ohun tó hàn, á sì fi wé èyí tí ẹ ti fi pamọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìkan ni kẹ́ ẹ sàmì sí. Bí aago ojú kọ̀ǹpútà bá wọ̀ ọ́, ìdánwò á máa kùnà ṣáá. Ẹ má ní kó sùn fún ìṣẹ́jú àáyá 10 kó tó wò ó; ẹ ní kó dúró títí àwòrán á fi yọ. Bí kò bá sí /dev/kvm (ohun tó ń jẹ́ kí QEMU yára) lórí ẹ̀rọ yín, gbogbo rẹ̀ á falẹ̀ gan-an, ẹ kọ́kọ́ lọ tan virtualization nínú BIOS, ètò tó máa ń kọ́kọ́ jí bí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà.

Iná ló le jù lọ́dọ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí dísìkì ìpìlẹ̀ tí kọ̀ǹpútà inú QEMU ń lò jẹ́ kíkà nìkan, kí ìdánwò kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ lórí rẹ̀:

qemu-img create -f qcow2 -b ipile.qcow2 -F qcow2 idanwo.qcow2

Bí iná bá lọ, ẹ pa idanwo.qcow2 rẹ́, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ìpìlẹ̀ ò fara gbá. Ẹ̀rọ tó ní RAM 8GB lè gbé irú kọ̀ǹpútà inú QEMU bẹ́ẹ̀ méjì tó ń lo 2GB-2GB, ẹ má kọjá bẹ́ẹ̀. Nítorí owó dátà, ẹ lo apt-cacher-ng, kí package tí ẹ ti gbà lẹ́ẹ̀kan má tún jẹ dátà mọ́. Bí bátìrì aago láptọ́ọ̀pù àtijọ́ bá ti kú, ọjọ́ á padà sẹ́yìn, apt (ètò tó ń gba package) á sì ní Release file (àkọsílẹ̀ àwọn package tó wà) kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: aago ni kẹ́ ẹ tún ṣe, kì í ṣe ìdánwò.

Ìdánwò tó ń yege lónìí tó ń kùnà lọ́la láìsí ìyípadà kankan burú ju kó má sí lọ, torí àwọn tó ń tọ́jú package kò ní gbà á gbọ́ mọ́. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá lórí dísìkì tuntun, kí ẹ sì mọ̀ọ́mọ̀ ba ohun tó ń ṣọ́ jẹ́ láti rí i pé ó kùnà lóòótọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi í sí ibi tí Debian ń gba ìròyìn àléébù, pẹ̀lú àmì patch.

Àwa oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan,
Kabba, Ìpínlẹ̀ Kogí.