Bàámi, Ìdí Tí Wọ́n Fi Tún Wà Níta Nìyí

Peckham, London
Oṣù Kẹta, 2025

Bàámi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Ara mi le, àwọn ọmọ náà wà dáadáa, wọ́n ní kí n kí bàbá àgbà. Mo gbọ́ pé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ìbéèrè tí ẹ bi mí lórí fóònù lọ́jọ́sí kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ rí fídíò àwọn tó pàgọ́ sí ẹ̀bá títì ní London, ẹ wá ní, "Ṣebí ìjọba kó gbogbo wọn sí òtẹ́ẹ̀lì nígbà Kòrónà? Kí ló tún gbé wọn dé ìta?" Ṣókí ni mo dá yín lóhùn nítorí pé mò ń wọkọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ṣojú mi.

Ọjọ́ 23 oṣù Kẹta 2020 ni Boris Johnson, olórí ìjọba ibí nígbà náà, kéde kónílé-ó-gbélé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aláìnílé, Luke Hall, fi kọ̀wé sí gbogbo káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ní England pé kí wọ́n kó ẹni tó ń sùn síta wọlé, àti àwọn tó ń sùn pọ̀ nínú gbọ̀ngàn níbi tí àrùn ti lè tètè ràn. "Everyone In" ni wọ́n pe ètò náà. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì tí kò rí àlejò mọ́ ṣílẹ̀kùn fún wọn. Kí oṣù Kẹrin tó parí, ìjọba ní àwọn ti fi ibùgbé lọ èèyàn tó lé ní 5,400. Nígbà tó fi di oṣù Kìíní 2021, àwọn tí ètò náà ti ràn lọ́wọ́ tó nǹkan bí 37,000.

Bàámi, ìlú tó ti ń sọ látọjọ́ pé kò sí yàrá, pé kò sí owó! Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi rí i?

Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá lọ bá káńsù pé òun ò ríbi sùn, ìbéèrè ni wọ́n ó kọ́kọ́ dà bò ó. Ṣé òfin gbà ọ́ láyè láti gba ìrànlọ́wọ́? Ṣé o lọ́mọ lọ́wọ́, ṣé o lóyún, ṣé àìsàn rẹ le tó? Ṣé kì í ṣe ọwọ́ ara rẹ lo fi pàdánù ilé? Ṣé àdúgbò yìí lo ti wá? Ọkùnrin tí kò lọ́mọ, tí ara rẹ̀ sì dá, kì í sábà rí yàrá gbà. Nígbà Kòrónà, wọ́n pa ọ̀pọ̀ ìbéèrè wọ̀nyẹn tì.

Ẹ rántí pé iṣẹ́ ìmọ́tótó òtẹ́ẹ̀lì ni mò ń ṣe nígbà náà. Òtẹ́ẹ̀lì tiwa wà lára àwọn tí káńsù gbà. A ò gbọdọ̀ wọ yàrá wọn. A ó gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà, a ó kànkùn, a ó sún sẹ́yìn. Ọmọ Yorùbá kan wà níbẹ̀, àgbàlagbà tó ju ẹ̀gbọ́n mi àgbà lọ. Ilé oúnjẹ tó ti ń fọ abọ́ tì pa, kò rówó yàrá san mọ́, ẹni tó háyà yàrá fún un, ọmọ ilẹ̀ wa náà, ní kó máa lọ. Inú bọ́ọ̀sì alẹ́ ló wá ń sùn. Á wọ̀ ọ́ dé òpin, á sọ̀kalẹ̀, á wọ òmíràn, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nígbàkígbà tí mo bá kànkùn, màá bá a pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, bàtà lẹ́sẹ̀, àpò rẹ̀ lọ́wọ́. Ó rò pé mo wá lé òun jáde ni. Mo fi èdè wa sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, oúnjẹ ni o, ẹnikẹ́ni ò lé yín." Ó pẹ́ kó tó gbà mí gbọ́. Lọ́jọ́ kan mo rí i tó sá ìbọ̀sẹ̀ sórí ẹ̀rọ amúlégbóná, tó sì wọ sìlípáàsì òtẹ́ẹ̀lì, ọkàn mi balẹ̀.

Físà rẹ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n ẹni tí físà rẹ̀ pé pérépéré náà kò bọ́. Ohun tí àwọn èèyàn wa ń pè ní "no recourse", ìyẹn pé èèyàn ò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́ ìjọba, wà lára físà ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì, akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó ń tọ́jú arúgbó. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń san owó orí, ṣùgbọ́n tí ilé bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, káńsù lè sọ pé òfin ò jẹ́ kí òun ṣe nǹkan kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Kòrónà, wọ́n gba irú wọn wọlé. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, ìjọba ti ń rán àwọn káńsù létí pé òfin yẹn ò tíì yí padà. Káńsù kan ń gbà wọ́n, òmíràn ń dá wọn padà. Ẹnì kan pe káńsù Brighton lẹ́jọ́ lórí rẹ̀, ní oṣù Kẹta 2021 ilé-ẹjọ́ gíga sì ní káńsù ní agbára lábẹ́ òfin láti fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ibùgbé nígbà àjàkálẹ̀ àrùn.

Inú mi dùn sí ìdájọ́ náà, àmọ́ ó ní káńsù lè ṣe é ni, kò ní dandan ni. Ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn ìbéèrè yín wà, Bàámi. Ojú àánú ni wọ́n fi ṣí ilẹ̀kùn, wọn ò sọ ọ́ di ẹ̀tọ́. Nígbà tí ẹ̀rù àrùn lọ, àánú bá a lọ. Bákan náà ni ti àwọn ayálégbé: ìjọba dá lílé wọn dúró, wọ́n ń sún un síwájú títí di ìparí oṣù Karùn-ún 2021, ṣùgbọ́n gbèsè owó ilé wà lọ́rùn wọn síbẹ̀. Ní ọdún 2019, àwọn tí wọ́n kà pé wọ́n ń sùn síta lóru ọjọ́ kan ní England jẹ́ 4,266. Ní 2021 ó já sí 2,440. Iye ti 2024 tí wọ́n gbé jáde lóṣù tó kọjá jẹ́ 4,667. Wọ́n ti wá pọ̀ ju ti 2019, ọdún tó ṣáájú Kòrónà, lọ. Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí ní oṣù Kẹta 2025, òfin 1824 tó sọ sísùn síta di ẹ̀ṣẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìgbìmọ̀ ti dìbò láti 2022 pé kí wọ́n pa á rẹ́.

Ó ń dùn mí, nítorí pé ètò yẹn gba ẹ̀mí là. Àwọn onímọ̀ ṣe ìṣirò nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet Respiratory Medicine ní 2020 pé àwọn ìgbésẹ̀ náà yọ aláìnílé 266 lọ́wọ́ ikú ní ìbẹ̀rẹ̀ àjàkálẹ̀ náà.

Mo mọ̀ pé onílé ni yín, ẹ ó sì bi mí pé owó ta ni. Èmi ò ní kí onílé gbé ẹrù náà, ti ìjọba ni. Ilé-ẹjọ́ tiwa náà kúkú ti sọ̀rọ̀ tó jọ ọ́. Ní oṣù Kẹfà 2017, Adájọ́ Onigbanjo ní Èkó dájọ́ pé kíkó àwọn ará etí omi bí Otodo Gbame kúrò nílé láìfún wọn níbòmíràn jẹ́ ìwà ìkà tó tako òfin orílẹ̀-èdè wa.

Ẹ ní ọmọ akọ̀wé ẹgbẹ́ yín ń bọ̀ wá síbí ní oṣù Kẹsàn-án. Ẹ bá mi sọ fún un kó ka ohun tó wà lára físà rẹ̀ dáadáa. Tó bá fẹ́ háyà yàrá nílé ẹni tó ń gbé inú ilé kan náà, kó gba ìwé àdéhùn, nítorí pé irú onílé bẹ́ẹ̀ lè ní kó jáde láìlọ sílé-ẹjọ́. Tí wọ́n bá sì lé e, kó má tijú, kó má sì lọ sùn nínú bọ́ọ̀sì. Kó pè mí, mo mọ àwọn agbẹjọ́rò àdúgbò tí kì í gbowó.

Mo ti fi owó oògùn ránṣẹ́. Ẹ bá mi kí Màámi àti gbogbo ará ilé.

Èmi ni ọmọ yín,
Àìná